Ọjọ́ Tí A Gbé Ọmọ Ẹlẹ́sẹ̀ Wíwọ́ Gun Ẹṣin Onígi

Ẹsẹ̀ ọmọ mi kẹta ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò, kó tó sọ fún mi pé ọkùnrin ni. Ẹsẹ̀ méjèèjì yí sínú, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún kọjú sí ti òsì bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Dókítà ní irú rẹ̀ wọ́pọ̀, pé bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, yóò tọ́. Kí n tó kúrò ní ọsibítù, wọ́n ti fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú nǹkan funfun bí ẹfun di ẹsẹ̀ náà láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ó gbẹ, ó le bí òkúta. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé e padà lọ kí wọ́n lè tú u, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì tún un dì. Ọmọ á máa ké, èmi náà á di etí àga mú.

Dadin Kowa ní ìlú Jos là ń gbé nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kuru, èmi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Gangare. Èkìtì ni àwa méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n Jos la bí àwọn ọmọ sí. Hausa ni àwọn méjì àgbà fi ń jà. Bí wọ́n bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wa ni wọ́n máa ń rántí Yorùbá.

Ìyá ọkọ mi wá láti ilé láti bá mi wẹ ọmọ. Ó mọ ọmọ tọ́jú. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lára ọmọ náà ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti kanlẹ̀kùn, á fa ṣọ́ọ̀lù bo ẹsẹ̀ funfun méjèèjì. Ó ní kò sí ìdí tí a ó fi máa ṣí ohun tí kò tíì jinná fún ayé wò.

Ayé ọ̀hún ti ń sọ̀rọ̀ ní tiwọn. Nígbà tí mo lóyún ọmọ náà, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ọgbà ẹranko tó wà lẹ́yìn ìlú. A wo kìnnìún, a wo ọ̀nì, a sì pẹ́ níwájú àhámọ́ ìnàkí, torí àwọn ọmọ náà kọ̀, wọn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe bímọ tán, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sẹ́nu àwọn obìnrin ìjọ wa: aláboyún kì í wo ìnàkí, ẹ ò rí bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe rí? Wọn ò sọ ọ́ lójú mi. Ẹnìkan tó ní òun fẹ́ràn mi ló wá tú u sí mi létí, mo sì rí i pé ó ń gbádùn rẹ̀ díẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Lọ́dún yẹn, ọkọ mi gba lìífù, ṣùgbọ́n a ò lè lọ sílé nítorí ọsibítù. Ọgbà ẹranko náà ti gbòòrò. Wọ́n ti kọ́ àwọn yàrá àlejò olórùlé koríko sínú rẹ̀, wọ́n ti gbé jáńgílófà síbẹ̀, àti ẹṣin onígi tí ẹ̀rọ ń yí po. Ọkọ mi ní ká lọ sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí àwọn ọmọ lè gbádùn ìsinmi wọn. Lẹ́yìn náà ló rọra fi kún un pé Màmá lè dúró ti ọmọ sílé.

Kò ní ibi lọ́kàn, mo mọ̀. Síbẹ̀, mo gbé ọmọ mọ́ra.

"Bí ọmọ yìí ò bá lọ," ni mo wí, "kò sẹ́ni tó ń lọ."

Màmá gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó mi, ibi tí wọ́n ní o ti kó o náà lo tún fẹ́ gbé e lọ?"

"Ibẹ̀ náà ni, Màmá. N ò kó nǹkan kan níbẹ̀, n ò sì ní sá fún un."

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló kọ́kọ́ múra. Ó ti wọ súẹ́tà lé bùbá, ó ti ki ìgò àgbo bọ inú báàgì. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí n gbé ọmọ ọmọ òun wọ igbó ní èmi nìkan.

Mo pọn ọmọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ta jáde ní ìhà mi, wọ́n funfun, wọ́n nípọn bí ọmọ odó. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà náà yọjú wo ẹ̀yìn mi, ó ní "Allah ya raya," kí Ọlọ́run dá a sí, ó fi ìka kan ìdì náà, ó sì bi mí ní Hausa bóyá kò wúwo jù fún mi. Mo ní ó wúwo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì.

Àwọn ọmọ fẹ́ lọ síbi ẹṣin onígi tààrà. Mo ní rárá, ọ̀dọ̀ ìnàkí la ó kọ́kọ́ lọ. A dúró níwájú àhámọ́ náà, mo tú ọmọ, mo gbé e kọjú síwájú. Ìnàkí ń họ ìrèké, kò tiẹ̀ wò wá. Ọmọ náà kò wò ó, ewé tó ń mì lókè orí rẹ̀ ló ń wò. Màmá dúró lókèèrè, ètè rẹ̀ ń mì nínú àdúrà.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin ìjọ wa fi yọ, òun àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. A kí ara wa. Ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ.

"Ẹ tún padà wá síbí?" ló bi mí.

"A padà wá, Mà. Ẹ bá mi gbé e."

Mo na ọmọ sí i. Kò sí bí àgbà obìnrin ṣe lè kọ ọmọ tí a nà sí i. Ó gbà á bí ẹni gba ìkòkò gbígbóná. Ẹsẹ̀ líle náà gbá a láyà. Ó ní Olúwa á ṣe é. Mo ní Olúwa ti bẹ̀rẹ̀, pé gbogbo ọjọ́rú la máa ń lọ bá A ní ọsibítù. Ó dá ọmọ padà fún mi, ó kó àwọn ọmọ tirẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì la dé ìdí ẹṣin onígi. Àwọn ọmọ mi méjì gùn, olúkúlùkù lórí ẹṣin tirẹ̀. Àga gbọọrọ wà láàárín àwọn ẹṣin náà fún àwọn tó gbé ọmọ ọwọ́. Obìnrin kan ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí kò ju tèmi lọ. Bí mo ṣe fẹ́ gòkè, ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ náà gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ ní Hausa pé kí n má bínú, pé ọmọ eléyìí kò lè gùn ún. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn ìyá kan ti ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn, wọ́n ní bóyá ó ń ràn.

Mo ní kò ràn. Mo gòkè, mo jókòó.

Ọkùnrin náà dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò yí i. Àwọn ọmọdé tó wà lórí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí kígbe. Ọkọ mi sún mọ́ ọgbà onírin, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé a lè padà wá bí èrò bá dín kù. Mo mi orí. Ó wo bàtà rẹ̀. Gbogbo ojú ló wà lára mi, ìtìjú ń gbóná ní ọrùn mi, mo sì jókòó sínú ìtìjú náà bí ẹni jókòó sínú omi gbígbóná. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá fẹ́ ti ẹ̀rọ náà pa títí di ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò bá mi.

Mo rí Màmá tó ń bọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ wá fà mí sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gòkè, ó jókòó tì mí, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó wá fa ṣọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ fi bo ọmọ láàárọ̀, tó ti ń yọ̀, kúrò, ó gbé ẹsẹ̀ funfun méjèèjì lé orí itan ara rẹ̀, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i.

"Yí i," ló wí fún ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọbìnrin mi ló bá a túmọ̀ rẹ̀ láti orí ẹṣin: "Kaka ta ce ka juya."

Ó yí i. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò dìde. Ó tiẹ̀ sún díẹ̀ kí àyè lè gbà wá. Ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ ja gbogbo ìjà yìí sùn lọ kí a tó yí po lẹ́ẹ̀kan, kò sì jí títí a fi sọ̀. Nígbà náà ni ọkọ mi wọ inú ọgbà onírin náà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Màmá, ó sì lọ jókòó sórí àga náà fún ìyípo tó tẹ̀ lé e, ó gbé e sókè ní àyà rẹ̀. Màmá ní òun kò gùn ún mọ́, pé òòyì ti kọ́ òun.

Nígbà tí a padà sí yàrá, tí mo ń fún ọmọ lọ́mú, Màmá jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí báyìí. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n tọ́ ọ sí. Ó dàgbà, ó kú, kò mọ ọ̀nà odò.

"Kì í ṣe pé ojú ọmọ yìí ń tì mí," ló wí. "Ẹ̀rù ohun tí wọ́n lè ṣe fún un ló ń bà mí."

Mo ní mo gbọ́, Màmá. Ó bu àgbo fún ọmọ, ó ní atẹ́gùn inú ọgbà yẹn pọ̀ jù.

Ẹsẹ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò yá. Lẹ́yìn ìdì funfun, wọ́n fún un ní bàtà onírin. Ó pẹ́ kó tó rìn, ojúgun kan sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì lọ títí dòní. Ní ọjọ́ Àìkú tí a kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìjọ pẹ̀lú bàtà náà, ọkọ mi mú ṣòkòtò gígùn wá. Mo fi ṣòkòtò péńpé wọ̀ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ la jókòó sí. Ó ń fi bàtà onírin gbá ìjókòó, gbangan, gbangan, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù dé òpin. Mi ò dì í lẹ́sẹ̀ mú.