Ọjọ́ Tí Ìyàwó Ilé Wa Lé Ọkọ̀ Kókó Bá

Òórùn kókó gbígbẹ ni mo gbọ́ lánàá tí mo fi rántí ìyàwó àbúrò bàbá mi. Kó tó wọlé ọkọ, òun ló ń gbapò kìíní nínú eré sísá ilé-ìwé ìjọ l'Ádó. Ìyá àgbà fòfin dè é: "Ìyàwó kì í sáré nígboro."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń ṣe bojúbojú. Àbúrò mi sá pamọ́ sáàárín àpò kókó nínú ọkọ̀ ẹrù tó dúró níwájú ilé wa, ó sùn lọ, ọkọ̀ sì gbéra lọ sí Ìgèdè. Mo figbe ta pé àbúrò mi wà nínú ọkọ̀. Ìyàwó wo ojú ìyá àgbà, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì fò jáde. Mo rò pé eré ló ń dùn mọ́ ọn. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé oyún wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó bá ọkọ̀ náà níbi tó ti ń rọra gun òkè. "Ẹ dúró! Ẹ ń gbé ọkọ mi lọ!"

Awakọ̀ gbé ọmọ ọdún mẹ́ta náà sọ̀kalẹ̀. "Ìyàwó, ọkọ rẹ mà ti tọ̀ sórí kókó mi!"

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá àgbà bu omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọ eruku ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí," ó ní, "mi ò bá a jà mọ́."