Bí "Okun" Ṣe Sọ Mí Di Atukọ̀ ní Kábà

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kábà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ń wá ẹni tí yóò máa ṣètò mọ́tò tó ń kó iṣu lọ sọ́jà. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ gba ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ìkẹ́rù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ náà wù mí débi pé mo ti ń pe ara mi lọ́gàá nínú dígí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tíṣà wa, Yorùbá ará Èkó, ní kí oníkálukú kí àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń kí ara wa: "Okun o!" Kọ̀ǹpútà kò ní àmì ohùn. Tíṣà kà á sí òkun, omi iyọ̀. Nígbà tó ń pín iṣẹ́ àṣekágbá, ó kọ sí mi pé: "Ìwọ tí o mọ òkun, ṣàlàyé bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń kẹ́rù."

Èmi kẹ̀! Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà ni omi tó tóbi jù tí mo rí rí, ojú fèrèsé mọ́tò ni mo sì ti wò ó.

Mo ròyìn fún ìyàwó mi, tó ń ta iṣu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Atukọ̀ wa, ẹ kú ewu omi! Ẹja dà?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá fìdí rẹmi, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn."

"Ẹ sọ fún un pé ìkíni ni. Ẹ ní ọ̀nà iṣu lẹ mọ̀."

"Kò ní pè mí ní ará oko?"

"Ṣé ará Èkó ló ń wu iṣu tí wọ́n ń jẹ ni?"

Mo padà sílé kọ̀ǹpútà tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí mo ṣe ń tẹ àlàyé mi, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Epo ń tán lọ. Obìnrin tó ni ibẹ̀ fa epo inú alùpùpù ara rẹ̀ sí i.

"Bọ̀dá, ẹ yára tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ni n ó fi relé."

Títí dòní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi lọ. Tíṣà, kí Ọlọ́run bù kún un, rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó ní kí n kọ nípa iṣu. Mo kọ bó ṣe ń ti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wá, àti bí ooru abẹ́ tapólì tí a fi ń bo ẹrù ṣe ń bà á jẹ́ bí mọ́tò bá pẹ́ lójú ọ̀nà. Mo yege, ẹgbẹ́ sì gbé iṣẹ́ fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo ṣètò mọ́tò àkọ́kọ́, mo bá iṣu ìyàwó mi níwájú gbogbo ẹrù. Ó ní aya ọ̀gá kì í tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.