Máàkì Tíṣà Ọláníran fún Àwọn Ará Òfuurufú

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ ní Ìjàyè: ọjọ́ tí Tíṣà Hezekiah Ọláníran, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, dìde nínú ṣọ́ọ̀bù Zubaidah, tó nàka sí tẹlifíṣàn, tó jágbe mọ́ àwọn ará òfuurufú.

"Ẹ kí onílé!"

Ọ̀sán Sátidé ni. Apá kìíní fíìmù kan nípa àwọn ará òfuurufú ni wọ́n ń wò. Ọkọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ sórí ìràwọ̀ kan. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń yọjú wo inú ihò tí ẹ̀dá olójú mẹ́ta kan ń gbé.

"Zubaidah, dá a dúró! Wọ́n wọ ilé onílé, wọn ò kágò."

"Tíṣà, fíìmù ni o," Zubaidah bẹ̀ ẹ́, ó sì dá a dúró. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó ń bá ará ìlú gba iná sí fóònù níbẹ̀, ó sì ń fi fíìmù hàn wọ́n lọ́sàn-án.

"Ṣé fíìmù ló ní ká má kí èèyàn? Ó yá, gbogbo yín, ẹ dìde. Ẹ bá wọn kí i."

Nǹkan bí ogún èèyàn dìde. Ìdajì wọn ló ti jẹ pàṣán rẹ̀ rí. Ta ni yóò jókòó? "Ẹ kúulé o!" Zubaidah tẹ rìmóòtù kí fíìmù máa lọ. Ẹ̀dá olójú mẹ́ta náà gbé ọwọ́ sókè.

Tíṣà jókòó. "Ẹ ò rí i? Ó ti ń retí ẹ̀ látàárọ̀."

Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí ẹni tí yóò máa fún ní máàkì mọ́, àfi tẹlifíṣàn. Ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bírò pupa kan. Bí fíìmù bá ti parí, á kọ ìdájọ́ rẹ̀, á sì kà á sókè. Apá kìíní: mẹ́rin nínú mẹ́wàá. "Iṣẹ́ ọwọ́ dára. Ìwà burú."

Apá kejì gba mẹ́ta. Ìyàndá, àgbẹ̀ oníṣu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, fárígá.

"Mẹ́ta kẹ̀? Ọkọ̀ tó ń fò bẹ́ẹ̀ yẹn? Hesekáyà, ìkà ni ọ́."

"Ọdún mélòó ni wọ́n láwọn fẹ́ fi rìn?"

"Méje."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

Ìyàndá ronú. "Oògùn funfun kan báyìí."

"Ìwọ tó o jẹ́ àgbẹ̀! Ọdún méje, wọn ò mú ebu iṣu kan dání tí wọ́n máa gbìn. Dákẹ́, kí n má bàa yọ máàkì tìẹ náà."

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà gbé ebu mẹ́ta wá, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn, ó kọ lẹ́tà lé e. Ó ní kí Zubaidah fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe fíìmù náà. Zubaidah wá àdírẹ́sì wọn títí. Kò rí i. Ó ti ebu náà sábẹ́ káńtà, ó gbàgbé. Ìgbà tó máa rántí, ìtàkùn iṣu ti ń gun ẹsẹ̀ tẹlifíṣàn.

Apá kẹta ló dá ẹ̀rín dúró.

Bàbá arúgbó kan wà nínú ọkọ̀ náà, òun ló ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ewu ń bọ̀, ọkọ̀ ò lè dúró. Wọ́n tẹ́ aṣọ fún un lórí ìràwọ̀ kan, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fò lọ.

"Wọ́n ní àwọn máa padà wá," Tíṣà túmọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó ṣí ìwé. Ó dé bírò. "Mi ò lè fún wọn ní máàkì. Mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n padà."

Zubaidah mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo Ìjàyè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun Ìbàdàn fọ́ ìlú, bàbá ńlá Tíṣà kan wà tí kò lè rìn jìnnà mọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ gbé e sábẹ́ igi kí wọ́n tó sá lọ. Wọ́n ní, "A máa padà wá." Nígbà tí wọ́n padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò bá a. Ebè iṣu ni wọ́n bá, ó lé lógún, ìtàkùn ti bò wọ́n.

"Ó retí wọn," Tíṣà máa ń wí. "Ẹni tí ò retí èèyàn kì í gbin iṣu tó ju ẹnu ẹ̀ lọ."

Láti ọjọ́ tí wọ́n wo apá kẹta, ojoojúmọ́ ni Tíṣà ń yà. "Zubaidah, wọ́n ti padà?"

"Wàláì, Tíṣà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò jẹ́ kí n rí apá kẹrin."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò mọ̀ pé àgbàlagbà ń dúró?"

Ọjọ́ Túsìdeé ni Tíṣà kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí àga rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Zubaidah rí apá kẹrin rà ní ọjà Ṣáṣá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó fi í hàn. Ìyàndá jókòó níwájú, ìwé Tíṣà lórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Tíṣà.

Ọkọ̀ náà padà. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá náà nìyẹn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dé àyà. Wọ́n sáré sí i, wọ́n gbé e lápá lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i nínú wọn.

Zubaidah ò mọ ìgbà tó dìde. "Ẹ kí i!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dìde. "Ẹ kú àtijọ́ o, Bàbá!"

Ìyàndá fi apá bùbá nu ojú. "Wọ́n padà. Hesekáyà, wọ́n padà." Ó na ìwé sí Zubaidah. "Bá a kọ ọ́. Mẹ́wàá."

Zubaidah ṣí ojú ewé tó ṣófo. Ó mú bírò pupa. Ó kọ mẹ́sàn-án.

"Mẹ́sàn-án kẹ̀? Kí ni wọ́n tún ṣe?"

Zubaidah wo ìtàkùn tó ti gun tẹlifíṣàn dórí. Ó rọra kọ ọ́ sábẹ́ máàkì náà, bí Tíṣà ì bá ti kọ ọ́:

Wọn ò mú ebu dání.