Àárọ̀ Ọjọ́ Tí Màámi Fi Oríkì Àbúrò Mi Kí Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kúrò nílẹ̀: mò ń jowú àbúrò mi. Kì í ṣe owú ọkọ, kì í ṣe owú ilé tàbí mọ́tò. Màámi ni mò ń jowú lé lórí. Èmi obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọmọ méjì tí mo bí ti jáde yunifásítì, màá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, màá máa ṣọ́ ẹni tí Màámi ń rẹ́rìn-ín sí. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni o. Èmi sanra, mo sì ń jowú.

Ṣé ẹ rí i, èmi ni mo ṣe ìwé tí Màámi fi wọ New York. Èmi ni mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú, tí mo wọ kóòtù fún wọn nítorí òtútù. Mo ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè wọ́n ní ilé mi ní Williamsbridge, mo ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga jù, kí orúnkún wọn má baà máa dùn wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dìde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tó ń gba òkè kọjá ládùúgbò wa ń já àwọn láyà. Àbúrò mi wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí wọ́n wá fi ọjọ́ méjì sinmi lọ́dọ̀ òun ní Co-op City, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí odò. Ọjọ́ méjì yẹn ló di ọdún mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀dì tí mo rà ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ tí mo bá kó jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń kó lé e.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọ lù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan ní Bronx níbẹ̀. Aago méje àárọ̀ la máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é mọ́jú. Kí n tó wọlé, màá pe Màámi lórí fóònù. Màá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ o." Wọn á sì kì mí ní oríkì mi, wọn á ṣàdúrà díẹ̀ lé e, màá ṣe àmín, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi kò nílò fóònù ní tiẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ló ti ń kúnlẹ̀, tó ń gba tiẹ̀ gbígbóná. Tiẹ̀ sì gùn ju tèmi lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti sùn síbẹ̀ rí, mo nasẹ̀ lórí àga ní pálọ̀, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò lè jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìjọ wa ní kí n wá báwọn sọ̀rọ̀ nípa rọpárọsẹ̀, torí ó ti ń kọ lu àwọn èèyàn wa jù. Mo wọ aṣọ tó dáa. Mo ní kí wọ́n máa wo ojú, bóyá ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí wọ́n ní kí ẹni náà gbé apá méjèèjì sókè, bóyá ọ̀kan ń já wálẹ̀. Kí wọ́n tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá ahọ́n ń lọ́, bóyá ohun tí kò fẹ́ sọ ló ń sọ. Mo ní kí wọ́n wo aago, kí wọ́n sì pe 911 lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó pe pásítọ̀. "Ẹ má da òróró àdúrà sí i lẹ́nu. Ẹ má fún un ní omi gbígbóná, ẹ má fún un ní ògì. Ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ." Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo wá wo ìlà iwájú, kí n rí bí orí Màámi ṣe ń wú. Gèlè àbúrò mi ni wọ́n ń bá a tún ṣe.

Inú burúkú yẹn ni mo gbé dé Co-op City fún oúnjẹ ọ̀sán. Mo ṣí àpótí oògùn Màámi, èyí tó ní ojúlé méje fún ọjọ́ méje. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà níbẹ̀ tó máa ń mú kí èèyàn tọ̀ léraléra. Ti ọjọ́ Ìsinmi ṣì wà níbẹ̀. Ti Ọjọ́rú, ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, ṣì wà níbẹ̀. Ti Sátidé tí wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, òun náà rèé.

Mo ní, "Màámi, kí lèyí?"

Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa dìde lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìwàásù ni? Gbogbo àwa àgbà ìjọ la máa ń fò ó bí a bá ní òde. Tí mo bá délé, mo máa lò ó."

Ṣé ẹ rí i pé wọn kì í lò ó bí wọ́n bá délé? Ibi tí owú ti wọ̀ ọ́ nìyí: n kò bá Màámi jà, àbúrò mi ni mo kọjú sí. Mo ní, "Ìwọ tí o kó wọn sọ́dọ̀, kí gan-an lò ń ṣọ́? Àbí tẹlifíṣọ̀n lẹ jọ ń wò?" Màámi ló fèsì. Wọ́n ní, "Má jágbe mọ́ ọmọ mi."

Ọmọ mi! Èmi ńkọ́? Ṣé ẹyẹ ló yé mi ni? Mo gbé báàgì mi, mo fi ìrẹsì sílẹ̀ nínú abọ́, mo bá tèmi lọ. N kò pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́rin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wà ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ní ibi iṣẹ́, fóònù mi dún. Màámi ni. Inú mi dùn, ẹ má purọ́ fún ara yín, inú tiyín náà ì bá dùn. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó dún díẹ̀ kí n tó gbé e.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." N kò sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀.

Wọn ò dáhùn. Mo kàn ń gbọ́ èémí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, pẹ̀lú ohùn wúwo, bí ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Oríkì àbúrò mi ni. Wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Oríkì àbúrò mi náà ni.

Mo ní, "Màámi, èmi rèé o. Èmi ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n sọ nǹkan kan tí kò já geere, wọ́n sì tún padà sórí oríkì àbúrò mi. Mo ní, "Ẹ pe ẹni tí ẹ̀ ń kì níyẹn, yàrá kejì ló sùn sí." Mo pa fóònù. Ó tún dún. Mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo tilẹ̀kùn, mo lọ gba iṣẹ́.

Háà! Èmi tí mo dúró níwájú ìjọ, tí mo ní kí wọ́n tẹ́tí sí ọ̀rọ̀! Ká ní ìyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi létí, ǹ bá ti figbe ta. Àmọ́ mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé wọ́n fi oríkì jẹ mí níyà. Gbogbo àárọ̀ yẹn ni mo fi ń fún àwọn aláìsàn lóògùn, tí mò ń bá àbúrò mi jà nínú ọkàn mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, wọ́n kéde pé wọ́n ń gbé ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù bọ̀. Èmi ló kàn láti sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á. Sálúbàtà àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ rí nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn onítáyà, ẹsẹ̀ kan búlúù, ẹsẹ̀ kejì pupa. Mo gbójú sókè. Màámi ló wà lórí ibùsùn náà. Ẹnu wọn ti wọ́ sí òsì, apá ọ̀tún wọn sì rọ̀ jọwọrọ.

Àbúrò mi gbá mi mú. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láti ilé. Ó ní aago mẹ́wàá lòun gbé ògì wọlé fún wọn tóun rí ẹnu wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé ògì sílẹ̀. Mi ò fún wọn ní nǹkan kan. Mi ò pe pásítọ̀, áńbúláǹsì ni mo pè. Gbogbo bí ẹ ṣe wí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ṣe." Ẹ wo ayé. Òun ló gbọ́ ìwàásù mi.

Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ Màámi, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ya síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan kan. Dókítà wa, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, bi àbúrò mi pé ìgbà wo lara wọn dá kẹ́yìn. Àbúrò mi ní aago mẹ́sàn-án. Ó ní òun kọjá lẹ́nu ọ̀nà, òun bi wọ́n bóyá wọ́n ti jí, wọ́n sì ní "hùn" láti inú yàrá. Dókítà ní ó dáa, àkókò ṣì wà. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ àkọ́kọ́ la sì máa ń fi fún èèyàn. Bí àkókò bá ti kọjá, oògùn yìí kan náà lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ, kó sì pa onítọ̀hún. Wọ́n ti ń pò ó.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe aago mẹ́sàn-án. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí mo ṣe láyé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àbúrò mi á gbọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ìṣẹ́jú kan kọjá tó jẹ́ pé ojú àbúrò mi ni mò ń wò, kì í ṣe ojú Màámi.

Mo ní, "Ẹ dúró. Wọ́n pè mí kí aago méje tó lù. Ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú nígbà yẹn."

Dókítà ní, "Kí lo wá ṣe?"

Mo ní, "Inú ló ń bí mi. Mo pa fóònù mọ́ wọn lẹ́nu."

Dókítà ní ó lè jẹ́ láti òru ló ti bẹ̀rẹ̀, a ò lè mọ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé oògùn náà kúrò. Wọ́n ya àwòrán mìíràn, ó fi hàn pé ibì kan nínú ọpọlọ ti kú, ṣùgbọ́n ibi tó pọ̀ ṣì wà tí a lè gbà sílẹ̀. Wọ́n gbé Màámi lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan itan dé orí, láti fi fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde.

Èmi àti àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mò ń retí èébú. Ó kàn bi mí pé, "Kí ni wọ́n sọ fún yín lórí fóònù?" Mo ní oríkì rẹ̀ ni wọ́n ń kì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì di ọwọ́ mi mú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Nígbà tí ìjọ ní kó dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ òun. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, mo sì ń jowú inú rere rẹ̀ náà.

Màámi kò kú. Ẹsẹ̀ wọn ń gbé díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ò tíì le, ọ̀rọ̀ ló ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò mi lọ gba oògùn. Ó ku èmi àti Màámi. Mò ń gé èékánná wọn. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí owú mú mi ṣe lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní, "Mo... mọ̀."

Mo ní, "Màámi, ẹ ṣe bí ẹ̀ ń pe àbúrò mi ni."

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbà wọ́n lákòókò. "Àbúrò rẹ... ń bẹ nílé. Yàrá... kejì." Wọ́n sinmi. "Mo rí i pé... ọwọ́ mi... ń kú. Mo ní... ẹ̀gbọ́n... ló máa mọ̀." Wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ mi láyà. "Ìwọ... ni mo pè."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí Màámi á kọ́kọ́ ké sí èmi kí wọ́n tó ké sí àbúrò mi. Ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì.