Ẹja Ẹ̀pẹ́ láti Ṣàngótẹ̀dó

Kábíyèsí ẹja yíyan, ọba ẹ̀bùn ìrìnàjò! Bí òórùn rẹ bá ti ta sí mi nímú, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí.

Bàbá mi dúró níbi fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, wọ́n pariwo kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́: “Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà àbí Orímẹ́dù létí òkun, ibo la ti máa lo họ́lídè?”

Mo mú Ẹ̀pẹ́, torí ọkọ̀ ojú omi.

Ní Ṣàngótẹ̀dó, lójú ọ̀nà, tí Ẹ̀pẹ́ ṣì jìnnà, bàbá mi ra ẹja yíyan, wọ́n sì yà sílé àbúrò wọn. Wọ́n ní ká sọ ẹrù kalẹ̀.

“Dádì, Ẹ̀pẹ́ ńkọ́?”

“Ẹja ẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá bi ẹ́ nílé, Ẹ̀pẹ́ la ti rà á.”

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi.

Lánàá, mo gbé ẹja Ṣàngótẹ̀dó fún aládùúgbò mi. Mo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti rà á bọ̀.