Àwòrán Ilẹ̀ Tí Mo Rẹ Sínú Tíì

Òórùn tíì tó ki ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Bauchi Road ní Jos, mo mọ àwòrán yà, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kí n ya àwòrán ilẹ̀ Jos bó ṣe rí ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mo ní báwo ló ṣe rí nígbà náà. Ó ní kí n sáà fọkàn yà á.

Mo to òkè jọ bí ebè iṣu, mo fi odi yí ìlú kan ká, mo ya ẹlẹ́ṣin sẹ́nu bodè. Létí odò Dilimi, níbi tí ilé bàbá mi wà, àyè ṣófo, mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Igbó, kò séèyàn." Mo rẹ bébà náà sínú tíì, mo fi àbẹ́là jó etí rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n kọ orúkọ mi sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló rí àwòrán ayé àtijọ́ tí orúkọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára rẹ̀? Ọgbọ́n ti pọ̀ jù lórí mi.

Nígbà tó ṣe, tíṣà yẹn kú, ìjà ilẹ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò wa. Mai anguwa, olórí àdúgbò, pe gbogbo onílé. Ọkùnrin kan tó ń du ilẹ̀ náà tẹ́ ẹ̀dà àwòrán mi tó ti pálọ̀ tíṣà wá sórí tábìlì, ó ní ẹ̀rí rèé: inú odi làwọn baba ńlá òun ń gbé, kò séèyàn létí odò, kí àwa tí a kọ́lé síbẹ̀ kó ẹrù wa. Ẹ̀rù bà mí. Mo dìde, mo ní èmi ni mo yà á.

Mai anguwa tẹjú mọ́ bébà náà títí. "To, ina sunanka a nan?" Ó ń béèrè ibi tí orúkọ mi wà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi fà mí láṣọ. Bàbá ní, "Jókòó. Wọ́n ti gbà á gbọ́ tán."

Kí òjò ọdún náà tó dá, a ti kó lọ sí Zawan. Ojú tì mí débi pé n kò lè bá bàbá jẹun pọ̀ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù témi, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ àwòrán kan kó tóbi dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹnì kan ti fi ìlà pupa kún un bí ààlà ìlú olódi náà, ìlà náà sì ti ká Zawan mọ́. Mo ní ẹ̀rọ mi bàjẹ́. Wọ́n ní kò burú, wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Mi ò tíì sọ fún bàbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kànga sílé wa ní Zawan ni.