Orin Ìlú Oníkálukú

Lánàá, mo rí ọmọ kan tó ń fi ègé àǹkárá nu ẹnu fèrè, àárò Àǹtí aránṣọ tó kọ́ wa lórin ní Kofar Kware ní Sókótó sì sọ mí gan-an.

Ìlú le nígbà náà. Fèrè mẹ́ta péré ni àwa ogún ọmọ ń pín fọn, la bá ń tẹ̀ lé Àǹtí káàkiri ṣọ́ọ̀bù àwọn Yorùbá ará ilé wa láti wá ìrànlọ́wọ́.

"Ẹ má ṣagbe o," á ní. "Orin ìlú oníkálukú ni kẹ́ ẹ kọ fún un."

A kọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ fún wẹ́dà kan. Ó paná iṣẹ́, ó ṣí ìbòjú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kai! Ẹ̀yin tẹ́ ò débẹ̀ rí!"

Òun ló ra fèrè kẹrin.

Àǹtí kó kúrò ní Sókótó láìjẹ́ pé ọ̀kankan nínú wa bi í rí pé, "Àǹtí, ìlú tiyín ńkọ́?"